Asẹ́ àti Èérí: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ohun tí Ẹ̀rọ Dà Nù?

Ní táàmù kejì ọdún tó kọjá, nínú yàrá àyẹ̀wò Físíìsì ilé ìwé wa, mo fi rọ́bà pa òótọ́ kan rẹ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé òótọ́ ni. Àwa mẹ́rin la wà nídìí tábìlì kan. A fi òwú so bọ́ọ̀lù irin kékeré kan rọ̀, à ń fì í, a sì ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò gbà á kó tó lọ kó tó bọ̀ nígbà 20. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú aago lọ́wọ́. Èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Nígbà tí a dín òwú náà kù sí sẹ̀ǹtímítà 60, ọ̀rẹ́ mi ní 32.4 ni òun kà. Mo wo àwọn nọ́ńbà tó ṣáájú, mo rí i pé èyí kò bá wọn lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò inú ìwé wa, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 31.1. A bú ọ̀rẹ́ mi pé ó ń tòògbé. A gba aago lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa 32.4 rẹ́, mo kọ 31.1 dípò rẹ̀, gíráàfù wa sì gún régé.

Ẹgbẹ́ mìíràn lo irinṣẹ́ kan náà lẹ́yìn wa. Kò pẹ́ tí òwú náà fi yọ pátápátá kúrò láàárín kọ́ọ̀kì tó dì í mú, bọ́ọ̀lù irin sì já lu ọmọbìnrin kan lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ wa yẹ kọ́ọ̀kì náà wò, wọ́n rí i pé ó ti jẹ, pé òwú ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Òwú tó bá ń yọ̀ ń gùn sí i nìyẹn, èyí tó bá sì gùn a máa pẹ́ kó tó lọ kó tó bọ̀. Ibi tí 32.4 ti wá nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kò tòògbé rárá. Olùkọ́ wa béèrè pé, "Ṣé kò sí ẹgbẹ́ kankan tí nọ́ńbà wọn yapa láàárọ̀ yìí?" Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Nígbà tí a bá ń wọn nǹkan láti mọ òtítọ́, ta ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu èyí tí a óò tọ́jú àti èyí tí a óò dà nù? Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ la gbé ìpinnu náà lé lọ́wọ́, ta ni yóò dáhùn fún ohun tí ẹ̀rọ náà dà nù? Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé lásán ni. Ìgbà tí mo ka ìwé nípa ibi ìwádìí kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ni mo tó mọ̀ pé àwọn àgbà onímọ̀ náà ń bá ìbéèrè yìí jà lójoojúmọ́, tiwọn sì ju tèmi lọ fíìfíì.

Orúkọ ibi ìwádìí náà ni CERN. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Geneva, ní ààlà ilẹ̀ Switzerland àti ilẹ̀ Faransé. Ní nǹkan bíi 100 mítà sí abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kan wà tó rí bí òrùka, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Large Hadron Collider ni wọ́n ń pè é, ọdún 2008 ni wọ́n sì kọ́kọ́ tan án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àwọn pírótọ́ọ̀nù, ẹ̀là tíntìntín tó wà nínú gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn, sáré ní ọ̀nà méjì tó dojú kọra, kí wọ́n sì forí gbárí. Ohun tó bá fọ́n jáde nínú ìforígbárí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ohun tí ayé fi dúró.

Ìgbà mílíọ̀nù 40 ni agbo pírótọ́ọ̀nù méjì ń pàdé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá wà lójú ibi ìpàdé náà tí wọ́n ń wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Méjì nínú wọn ni ATLAS àti CMS. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kan ṣoṣo tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́gábáìtì mílíọ̀nù 40 ni yóò jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù màmá mi lè gba gígábáìtì 64. Fóònù irú rẹ̀ tó lé ní 600 ni yóò kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, 600 mìíràn tún ní láti wà nílẹ̀ fún èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ilé tó lè gbà á, kò sì sí owó tó lè rà á.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ ohun tí mo lè pè ní asẹ́. Trigger ni orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é. Ìpele méjì ló ní. Èkíní jẹ́ àwọn pátákó ẹlẹ́tíróníìkì tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan. Bí ìpàdé kan bá ti ṣẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ á tò sórí ìlà bí ẹni tó ń retí oníṣègùn, pátákó náà á sì pinnu láàárín ìdá bíi mẹ́rin nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan bóyá kó wọlé tàbí kó lọ. Nínú mílíọ̀nù 40, nǹkan bíi 100,000 ló ń wọlé. Ìpele kejì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tó tún wo 100,000 yìí dáadáa, tí wọ́n sì mú nǹkan bíi 1,000, tàbí kó lé díẹ̀, nínú wọn. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Bí a bá ní ká fi ojú kan wò ó, nínú ìpàdé 40,000, ẹyọ kan ni wọ́n mú. 39,999 yòókù ti lọ. Ẹ̀dá ènìyàn kankan kò rí wọn, kò sì sí ẹni tí yóò rí wọn láé. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí rí: ohun tí asẹ́ yìí bá dà nù kò ṣeé ṣà jọ mọ́.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, àyà mi já. Mo rò ó pé èmi pa nọ́ńbà kan ṣoṣo rẹ́, ojú sì ń tì mí títí di òní. Àwọn wọ̀nyí ń pa mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ayé sì ń yìn wọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n kéde pé àwọn ti rí ẹ̀là kan tí wọ́n ti ń wá láti ọdún pípẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Higgs. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú bílíọ̀nù ìforígbárí ni irú rẹ̀ ń yọjú. Láìsí asẹ́ náà, wọn kì bá tí rí i. Ṣé ohun tí ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ mi ni ń jẹ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn ni?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ àti ẹ̀rọ yẹn kò jọra. Ìwọ wo nọ́ńbà náà tán kí o tó pinnu pé o kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ti kọ òfin fún ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kí ìforígbárí kankan tó ṣẹlẹ̀, òfin kan náà ló sì ń lò fún gbogbo wọn. Kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá, kò sì wá máàkì."

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé òótọ́ ni ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹni tó fi òfin lélẹ̀ kó tó rí ọjà àti ẹni tó rí ọjà tán kó tó ṣe òfin. Ẹni àkọ́kọ́ ń sẹ́ nǹkan ni. Ẹnì kejì ń parọ́ ni, bí irọ́ náà bá tilẹ̀ kéré. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà ni pé mo ti mọ ìdáhùn tí mo fẹ́, mo wá fi ipá mú ohun tí aago wí kó bá a mu. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni à ń wọn nǹkan fún? Ìwé ti tó wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìpín kejì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lóòótọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ojúsàájú lè fọ́jú. Òfin tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú kò lè mọ̀ ju ohun tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ lọ. Bí ohun tuntun bá wá dé tí ẹnikẹ́ni kò lérò, asẹ́ á jẹ́ kó lọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó dì í mú. Ìtàn méjì ló jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kìíní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1967, nítòsí ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jocelyn Bell, ọmọ Àríwá Ireland. Òun àti àwọn mélòó kan fi ọdún méjì kọ́ ẹ̀rọ tuntun kan tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run. Kì í ṣe ohun tí a fi ń yọjú wo òṣùpá o. Oko òpó àti wáyà ni, òpó rẹ̀ lé ní 1,000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló sì ń fi òòlù gbá òpó wọlẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ náà ń fa ìlà sórí bébà lójú ẹsẹ̀ bí ìgbì ṣe ń wọlé, bébà náà sì ń gùn tó nǹkan bí 30 mítà lóòjọ́. Bell ló ń fi ojú ara rẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kẹjọ, ó rí àmì kékeré kan tó rí játijàti, tí kò jọ ìràwọ̀, tí kò sì jọ ariwo tí ọkọ̀ tàbí iléeṣẹ́ rédíò máa ń dá sílẹ̀. Ààyè tó gbà lórí gbogbo bébà gígùn yẹn kò ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ lọ. Ẹlòmíràn ì bá fò ó. Bell kò fò ó. Ó rántí pé òun ti rí irú rẹ̀ rí, ní apá ojú ọ̀run kan náà.

Ó fẹ́ mọ ohun tí àmì náà jẹ́, ṣùgbọ́n bébà ń rìn jẹ́jẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ sì ń wọ́ pọ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ ìkọ̀wé tó yára mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Bell fi ń lọ síbẹ̀ tí àmì náà kò yọjú. Ó ń lọ síbẹ̀ náà ni. Nígbà tó di ìparí oṣù Kọkànlá, àmì náà padà wá, ẹ̀rọ tuntun náà sì fi hàn pé ó ń lù kì, kì, kì bí ọkàn ènìyàn, ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ síra, láìyẹ̀. Bí ayé ṣe mọ irú ìràwọ̀ tí a ń pè ní pulsar nìyẹn. Ọmọ ọdún 24 ni Bell nígbà náà. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1974, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún, wọn kò fún òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, n kò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: ká ní wọ́n ti ṣe asẹ́ sí ẹnu ẹ̀rọ náà, tó ń jẹ́ kí ìràwọ̀ tí wọ́n ń wá nìkan wọlé, àmì játijàti ni yóò kọ́kọ́ bá ilẹ̀ lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ̀rọ gba ìgbì, ènìyàn sì lajú, la fi rí pulsar.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ọdún 1985. Àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, Farman, Gardiner àti Shanklin, kéde pé ósóònù, afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, ti ń dín kù gidigidi lójú sánmà Antarctica ní àkókò kan láàárín ọdún. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ibùdó Halley, lórí yìnyín, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, nítorí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nimbus-7 ti ń yí ayé po láti ọdún 1978, tó ń wọn ósóònù lójoojúmọ́. Kí ló dé tí òun kò fi kígbe? Ó rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà pé iye tó bá kéré jù báyìí lọ, kó fi àmì sí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe. Bí ósóònù ṣe wálẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń fi àmì àṣìṣe sí i. 32.4 tèmi nìyẹn, lójú sánmà!

Àmọ́ ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó mú inú mi dùn. Àmì ni wọ́n fi sí i. Wọn kò dà á nù. Àkọsílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n padà sídìí rẹ̀, wọ́n sì fi í ya àwòrán bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ohun tí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ kan ṣoṣo kò lè ṣe. Ní ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Montreal láti dín àwọn èròjà tó ń ba ósóònù jẹ́ kù. Ibi tí àṣìṣe asẹ́ ti ṣeé tún ṣe ni ibi tí èérí ti ṣì wà nílẹ̀.

Mo dárúkọ èérí. Màmá mi ló kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ògì tà. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á lọ̀ ọ́, àwa ọmọ á sì bá wọn sẹ́ ẹ. Ògì á gba inú asẹ́ kọjá, èérí á ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó ń sọ pé màmá mi hùwà àìdáa sí èérí. Ẹni tó bá ní òun kò ní sẹ́ nǹkan kan, òun kò lè mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ohun kan tí wọ́n ń ṣe tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó kó èérí fún ewúrẹ́, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un. Bí omi funfun bá ṣì ń jáde lára rẹ̀, wọ́n á ní kí á dúró: bóyá ẹ̀rọ kò lọ̀ ọ́ kúnná, bóyá àwa ni a kò sẹ́ ẹ dáadáa. Wọn kì í fún gbogbo èérí. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó láti mọ̀. Wọn kì í wo ògì láti mọ̀ bóyá asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Èérí ni wọ́n ń wò.

Èyí gan-an ni mo padà rí nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ CERN, ó sì tù mí nínú. Yàtọ̀ sí àwọn ìpàdé tí asẹ́ wọn yàn, wọ́n tún ń tọ́jú ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọn kò yàn rárá. Wọ́n kàn ń mú un bó ṣe bá wá, láìbéèrè bó ṣe rí. Ẹ̀kúnwọ́ èérí wọn nìyẹn. Òun ni wọ́n fi ń mọ ohun tí asẹ́ wọn ń jẹ́ kó lọ. Ní ọdún 2024, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí CMS gbé ìgbésẹ̀ mìíràn: wọ́n lo irú àkọsílẹ̀ tí a kò yàn yìí láti kọ́ ẹ̀rọ ní bí ohun tí ó wọ́pọ̀ ṣe ń rí, kó lè máa nàka sí ohunkóhun tó bá yàtọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lérò rẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ń gbìyànjú láti fi ojú Jocelyn Bell sínú pátákó ẹlẹ́tíróníìkì.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí tún ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń kọ́ asẹ́ tuntun fún ìgbà tí ẹ̀rọ ńlá náà yóò lágbára sí i, tí wọ́n ń retí kó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2030. Nígbà náà, ìforígbárí tó lè tó 200 ni yóò máa ṣẹlẹ̀ pọ̀ nínú ìpàdé kan ṣoṣo. Ìpele kìíní asẹ́ tuntun ti CMS yóò ní ìdá 12.5 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi ronú, yóò sì lè jẹ́ kí 750,000 wọlé dípò 100,000. Mo kíyè sí i pé gbogbo wàhálà àti owó yìí, láti fún ẹ̀rọ ní àyè ìrònú díẹ̀ sí i ni, kó má baà kánjú lé àlejò rere lọ. Ohun tí mo kọ̀ láti ṣe ní yàrá àyẹ̀wò nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan ì bá tó mi láti ní kí ọ̀rẹ́ mi tún un kà.

Mo tún padà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé èérí tí o ń tọ́jú yẹn ń gba àyè. Ohun tí kò wúlò tí o fi pamọ́, ó ṣeé ṣe kó gba ipò ohun tó wúlò." Òótọ́ ni. N kò ní ìdáhùn tó lè mú ìnáwó náà kúrò. Ìdáhùn tí mo ní ni pé owó òtítọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ń tọ́jú ohun tó bá ìrètí rẹ̀ mu nìkan ń gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni. Àyè kékeré tí èérí gbà ni àga tí a gbé fún ẹnì kejì kó wá wí tẹnu rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ pírótọ́ọ̀nù nìkan nìyí. Bí a bá da pírótọ́ọ̀nù nù, kì í sunkún. Ṣùgbọ́n irú asẹ́ yìí ti ń wọ àárín ènìyàn. Ẹ̀rọ ń yẹ ìwé ìwáṣẹ́ wò, ẹ̀rọ ń pinnu ẹni tí wọ́n lè yá lówó. Ẹni tí wọ́n bá mú á mọ̀ pé wọ́n mú òun. Ẹni tí wọ́n dà nù kì í sábà mọ ìdí, ẹni tó ni ẹ̀rọ pàápàá lè má mọ̀ pé ó wá. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Kọ̀ǹpútà ló ṣe é." Èmi kò gba ìdáhùn yìí. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló kọ òfin tó ń tẹ̀ lé tàbí tó yan ohun tí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́. Asẹ́ kì í dáhùn fún ògì. Ẹni tó di asẹ́ mú ni.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti da nǹkan nù, nítorí agbára wa láti tọ́jú nǹkan ní ìwọ̀n. Ẹ̀rọ náà lè bá wa ṣe é, pàápàá níbi tí ọwọ́ àti ojú wa kò ti lè yára tó. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀. Kí á sọ òfin asẹ́ síta kí á tó rí ohun tí yóò mú wá. Kí á máa tọ́jú ẹ̀kúnwọ́ èérí, kí á sì máa fún un wò. Kí ènìyàn kan tó ní orúkọ sì wà tó lè sọ pé, "Èmi ni mo ṣe asẹ́ náà, bó bá ṣìnà, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè." Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ohun kan yóò ṣì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tí a kò ní mọ̀ láé. Ó yẹ kí ìyẹn rẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀, kí á má máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rí gbogbo rẹ̀.

Ní ti èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó lè sọ òtítọ́. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ní kó má bínú, pé òun ló kà á re. Ó ní òun ti mọ̀, pé ohun tó dun òun jù ni aago tí a gbà lọ́wọ́ òun. Àwa méjèèjì jọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Wọn kò nà mí. Wọ́n mú ìwé mi, wọ́n wo ibi tí rọ́bà ti ha bébà náà títí ó fi fẹ́lẹ́, wọ́n sì sọ òfin kan tí wọ́n ní gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí mọ̀: bí nọ́ńbà kan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi ìlà kan ṣoṣo là á láàárín, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè kà á, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

N kò gbé rọ́bà wọ yàrá àyẹ̀wò mọ́. Ìwé mi kò mọ́ tónítóní bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìlà pọ̀ nínú rẹ̀. Ní táàmù yìí, ọ̀rẹ́ mi ló tún mú aago. Bó bá pe nọ́ńbà tó yà mí lẹ́nu, mo máa ń kọ ọ́ bó ṣe pè é, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ ká yẹ òwú wò."